Àwòrán Tí Kò Jọ Nǹkan Kan

Ìbéèrè kan wà tí kì í pẹ́ jáde lẹ́nu àwọn èèyàn wa ní Ìjẹ̀bú bí wọ́n bá dúró níwájú iṣẹ́ mi: "Kí lèyí jọ?" Wọ́n á yí orí sọ́tùn-ún, wọ́n á yí i sósì, wọ́n á sún sẹ́yìn díẹ̀. Ẹnì kan á ní òun rí ẹyẹ. Ẹlòmíì á ní obìnrin tó ru omi ni. Kò sí ẹyẹ níbẹ̀, kò sì sí obìnrin kankan. Ilẹ̀pa ni, osùn ni, aró ni, ẹfun ni, lórí aṣọ tẹ́rú tí mo kàn mọ́ férémù pákó. N kì í fi pẹ́ńsù ya nǹkan kan sílẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, n kì í sì í gbé fọ́tò kankan kalẹ̀ kí n máa wò ó.

Oríṣi ọ̀rọ̀ méjì ni mo máa ń gbọ́ nípa irú àwòrán báyìí, méjèèjì kò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ọ̀kan ni pé iṣẹ́ òyìnbó ni, pé ọmọ Yorùbá tó bá ń da àwọ̀ sára aṣọ láìya ohun tí èèyàn mọ̀ ń sín àwọn ará Paris àti New York jẹ ni. Èkejì ń ti ẹnu àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ náà gan-an wá: wọ́n ní ẹ̀mí ló ń kùn ún, pé olùyàwòrán kàn yá a lọ́wọ́ ni, pé kò nílò ẹ̀kọ́, kò nílò ìdánrawò, kó ṣáà pa ojú dé, kó jẹ́ kó máa ṣàn. Ti àkọ́kọ́ yẹn ń bí mi nínú díẹ̀. Ti èkejì ló ń bà mí lẹ́rù, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa ń gbà á gbọ́. Lójú tèmi, ọwọ́ kì í mú jáde kọjá ohun tí ojú ti wò kínníkínní. Ẹni tó bá fẹ́ pa ojú dé kùn, kó kọ́kọ́ lajú dáadáa.

Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Lára ògiri pálọ̀ bàbá mi, àwòrán Káábà wà níbẹ̀, Áyátúl Kursiyyu, ẹsẹ Àlùkùránì kan, náà wà níbẹ̀, tí wọ́n fi òwú aláwọ̀ góòlù kọ sórí aṣọ dúdú. Kò sí ohun ẹlẹ́mìí kankan. Kí n tó mọ̀ ọ́n kà ni mo ti ń wo àwọn ìlà yẹn, bí wọ́n ṣe ń yípo, bí wọ́n ṣe ń gba abẹ́ ara wọn kọjá. Mo máa ń fi ojú tẹ̀ lé ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ títí tó fi máa sọnù sínú òmíràn.

Ní ilé kéwú, wàláà la fi ń kọ́ Àlùkùránì. Pákó pẹlẹbẹ ni. Tàdáwà, yíǹkì àwọn oníkéwú, ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Bí ọmọ bá ti mọ ohun tó wà níbẹ̀ dáadáa, wọ́n á fi omi fọ̀ ọ́, wọ́n á kọ òmíràn. Wàláà tó bá ti pẹ́ kì í mọ́ tán mọ́. Bí ẹ bá gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí òjìji lẹ́tà àná lábẹ́ ti òní, ti ìjẹta lábẹ́ ti àná, títí pákó náà á fi ní àwọ̀ tí n kò tíì rí orúkọ fún. Kò dúdú, kò rí bí eérú, kò sì rí bí igi mọ́. Omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ gan-an kì í ṣòfò: hàntú ni, àwọn kan a máa fún aláìsàn mu. Ọ̀rọ̀ ti kúrò lójú pákó, ó ti wọnú omi, ó sì ń ṣiṣẹ́ lọ. Gbogbo èyí ni mo ti fi ojú ara mi rí kí n tó gbọ́ orúkọ olùyàwòrán òyìnbó kankan.

Àwọn ará ilé ìyá mi sì wá láti Odògbólú. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú á ti mọ ibi tí mò ń lọ. Agẹmọ ni, òrìṣà Ìjẹ̀bú tí obìnrin kò gbọ́dọ̀ fojú kàn. Mẹ́rìndínlógún ni wọ́n, láti ìlú wọn káàkiri, Tàmi ti Odògbólú sì ni olórí wọn. Nígbà tí wọ́n bá ń lọ pàdé ní Ìmọsàn, obìnrin kì í sí lójú ọ̀nà. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á ti fèrèsé. Alhaja, ìyá mi àgbà, tí kì í pa ìrun kankan jẹ, á wọlé bíi gbogbo obìnrin yòókù, á jókòó sórí ẹní, a ó sì jọ dákẹ́. Ohun tó kù fún wa nígbà náà ni etí. Ẹsẹ̀ ń bọ̀. Ohùn ń bọ̀. Ohun kan tó tóbi ń gba ẹ̀yìn ògiri kọjá, a sì mọ ìgbà tó sún mọ́ wa, a mọ ìgbà tó rékọjá.

N kò mọ bó ṣe rí. N kò bẹ ọkùnrin kankan rí pé kó ṣàpèjúwe rẹ̀ fún mi, n kò sì wá fọ́tò rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo mọ àwọn obìnrin tí èèwọ̀ yìí ń bí nínú, mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ, n kò sì ní bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí mo rí gbà nínú yàrá yẹn kò sí ní ilé ìwé iṣẹ́ ọnà kankan: pé nǹkan lè wà, kó wúwo, kó ní ibi tó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, kí ojú má sì kàn án. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé àwòrán tí kò jọ nǹkan kan kò ní nǹkan kan nínú, ibẹ̀ ni ọkàn mi máa ń lọ.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà, àwọn obìnrin ló sì ni ín. Nílé Ifẹ̀, àwọn obìnrin tó ń kun ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè ń fi àwọ̀ inú ilẹ̀ àti ti ewé ṣe é. Bí ọdún bá yípo, wọ́n á tún ògiri náà kùn lórí ti tẹ́lẹ̀. Àwọn olùyàwòrán tó dá ẹgbẹ́ Ọnà sílẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1989, Moyo Okediji àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, rí i pé ilé ẹ̀kọ́ ńlá ni ògiri yẹn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọ̀ sínú erùpẹ̀ ilẹ̀ wa dípò inú túùbù tó ti òkè òkun wá. Nítorí náà, ẹni tó bá ní iṣẹ́ òyìnbó ni à ń ṣe, kò tíì wo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá kan òyìnbó àti àwòrán, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde kan wà tí n kò lè fò dá. Wọ́n bí Àìná Ọnàbólú ní 1882, ó kú ní 1963, òun sì ni a ń pè ní aṣíwájú àwòrán kíkùn ìgbàlódé ní Nàìjíríà. Kò sí olùkọ́ tó kọ́ ọ níbẹ̀rẹ̀. Àwọn àwòrán inú ìwé òyìnbó ló ń wò, tó ń dà kọ. Àwọn amúnisìn gbà pé aláwọ̀ dúdú kò lè gbé ojú ènìyàn jáde bó ṣe rí gan-an, Ọnàbólú sì fi iṣẹ́ dá wọn lóhùn. Ní 1906, ó kun àwòrán Mrs Spencer Savage. Ní 1920, ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní London. Òun náà ló ń rọ ìjọba lórí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà títí ó fi wọ ilé ìwé wa.

Lọ́dún 1906 kan náà, ní orílẹ̀-èdè Sweden, obìnrin kan tó ń jẹ́ Hilma af Klint bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ àwòrán kan tí kò jọ ènìyàn, tí kò jọ ilé, tí kò jọ igi. Ó ní àwọn ẹ̀mí ló rán òun níṣẹ́ náà. Nígbà tó fi máa di 1915, ọ̀wọ́ yẹn ti di 193. Àwọn kan nínú wọn ga ju mítà mẹ́ta lọ. Ó sọ pé kí wọ́n má ṣe fi wọ́n han gbogbo ayé títí ogún ọdún lẹ́yìn ikú òun. Ó kú ní 1944, ó sì di 1986 kí díẹ̀ nínú wọn tó jáde síta ní Los Angeles. Nígbà tí wọ́n kó wọn lọ sí Guggenheim, ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà kan ní New York, ní 2018, ńṣe ni èrò ń ya lọ wò wọ́n.

Mo máa ń ronú nípa ọdún 1906 yẹn. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan ń sáré lọ bá ìrísí, nítorí wọ́n ti ní kò lè tó o. Obìnrin Sweden kan ń kúrò lẹ́yìn ìrísí, nítorí ó ti ní in lọ́wọ́ tán. Ibi tí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀mí máa ń fò nínú ìtàn obìnrin yẹn nìyí: ó kàwé jáde ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ọba ní Stockholm ní 1887, ó sì ti ya ewé, òdòdó àti ojú ilẹ̀ bí wọ́n ṣe rí gan-an fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ wo àwọn àwòrán ńlá rẹ̀, ẹ ó rí ìlà tó ń lọ́ bí ọwọ́ ìtàkùn tó ń wá ohun tó máa dì mú. Ẹni tí kò bá tíì jókòó ti ìtàkùn kò lè fa ìlà yẹn. Mo gbà pé òótọ́ inú rẹ̀ ló ń sọ nígbà tó ní ẹ̀mí ló rán òun. Ẹ̀mí náà bá ọwọ́ tó ti mọṣẹ́ pàdé ni.

Àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń fojú kéré Ọnàbólú lónìí, wọ́n ní ó kàn kọ́ ọgbọ́n òyìnbó ni. Kò dùn mọ́ mi rárá. Wíwò tí ọkùnrin yẹn wo ojú ènìyàn, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń dúró lára ẹ̀rẹ̀kẹ́, bí aṣọ ṣe ń ṣẹ́ po lábẹ́ apá, ìyẹn ni gbogbo olùyàwòrán ń jẹ, yálà iṣẹ́ rẹ̀ jọ nǹkan tàbí kò jọ nǹkan.

Ní ti ọwọ́ ara mi, erùpẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wá. Bí wọ́n bá ń gbẹ́ kànga tàbí ìpìlẹ̀ ilé ní àdúgbò, mo máa ń tọrọ ilẹ̀pa díẹ̀ nínú garawa. Mo máa sá a kó gbẹ, mo máa gún un, mo máa kù ú. Lẹ́yìn náà mo máa pò ó mọ́ omi púpọ̀ nínú ike, mo máa rò ó, mo sì máa dúró díẹ̀. Yanrìn á kọ́kọ́ rì. Kí ìyókù tó rì, mo máa rọra da omi pupa tó wà lókè sínú ike mìíràn. Ohun tó bá sílẹ̀ nínú ike kejì yẹn ní ọjọ́ kejì máa ń jọ̀lọ̀ bí àtíkè. Òun ni mo máa ń pò mọ́ gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò.

Ilẹ̀ ni mo máa ń tẹ́ aṣọ sí, n kì í fi ti ògiri. Mo máa fi omi rin ín, mo sì máa da ilẹ̀pa sí i. Omi ló máa ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ilẹ̀pa á wá ibi tí aṣọ ti jin díẹ̀, á kóra jọ síbẹ̀. Ibi tó bá kọ́kọ́ gbẹ létí rẹ̀ á ní ìlà tó pọ́n ju àárín lọ. Ìgbà náà ni mo máa ń mú osùn. Osùn kì í fẹ́ yọ́ nínú omi lásán, sípírítì díẹ̀ ló máa ń mú un yọ́. Bí ẹ̀kán osùn oní-sípírítì kan bá bọ́ sórí ilẹ̀pa tó ṣì tutù, ilẹ̀pa á sá fún un. Ojú kan á là, á fẹ̀, etí rẹ̀ á sì ga sókè yípo, pẹ̀lú pupa ní àárín bí ẹyinjú. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Ẹ kò lè pète rẹ̀. Ẹ lè mọ bí aṣọ ṣe tutù tó, ẹ lè mọ bí ọwọ́ yín ṣe ga tó sí i, ẹ sì lè mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ dáwọ́ dúró. Mímọ̀ yẹn ni iṣẹ́ náà. (Ẹni tó bá fẹ́ lo osùn, kó má ṣe gbé àwòrán náà sí ojú oòrùn. Osùn máa ń ṣá.)

Aró ni mo bọ̀wọ̀ fún jù. Abẹ́òkúta ni mo ti ń rí i, lọ́wọ́ ìyá kan tó ṣì ń po ẹ̀lú mọ́ omi eérú. Bí wọ́n bá yọ aṣọ jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ máa ń ní. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, á bẹ̀rẹ̀ sí í di aró lójú yín. Ìfófòó tó máa ń wà lójú ìkòkò, tí wọ́n á bu sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ni mo máa ń gbà. Bó bá gbẹ, ó máa ń dúdú débi pé díẹ̀ ló máa ń tó mi fún aṣọ ńlá kan.

Lẹ́yìn ìpele bíi mélòó kan, mo máa gbé aṣọ náà dúró, mo máa yí i po, mo máa fi ìsàlẹ̀ ṣe òkè. Nígbà míì mo máa fi omi fọ apá kan kúrò títí òjìji nìkan á fi kù. Ọwọ́ mi a máa lọ síbì kan kí n tó mọ ìdí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí mi ò bá ti jáde lọ wo igbó fún ìgbà pípẹ́, ọwọ́ yẹn kì í lọ síbì kankan. Á kàn máa tún ohun tó ṣe lóṣù tó kọjá ṣe.

Ibi tí mo máa ń lọ ni Erédò Súngbọ́. Yàrà àti ògiri amọ̀ yẹn yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká tó nǹkan bí 160 kìlómítà, níbòmíì sì rèé, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí ògiri a máa tó 20 mítà. Àwọn baba wa ní Bílíkísù Súngbọ́ ló ni ín, obìnrin ọlọ́rọ̀ kan tí kò bímọ, tó fẹ́ kí orúkọ òun má parẹ́. Sàréè rẹ̀ wà ní Òkè-Ẹ̀rí, àwọn èèyàn sì ń ṣe àbẹ̀wò síbẹ̀ lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n obìnrin kì í wọ ibẹ̀. Inú yàrà ni èmi máa ń wọ̀.

Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀, ariwo ọ̀nà á kọ́kọ́ pòórá. Lẹ́yìn náà ìmọ́lẹ̀ á yí padà. Igi ti borí rẹ̀ lókè, oòrùn tó bá sì rí àyè wọlé ti gba inú ewé kọjá, débi pé ọwọ́ ẹni gan-an á ní àwọ̀ ewé. Ògiri náà ga, ó sì dán. Ewéko wínníwínní tó máa ń hù sára ohun tó tutù ti bò ó. Ṣùgbọ́n ibi tí òjò bá ti ya á, tàbí tí gbòǹgbò bá ti já, ilẹ̀pa á yọ pupa lábẹ́ rẹ̀. Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa. Pupa yẹn kì í ṣe ẹyọ kan: ó ní ibi tó rí bí ẹ̀jẹ̀, ibi tó rí bí epo, ibi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di dúdú nítorí omi. Gbòǹgbò funfun tẹ́ẹ́rẹ́ ń sọ̀kalẹ̀ níwájú rẹ̀, wọn kò kan ilẹ̀. Mo lè dúró síwájú ìwọ̀n apá méjì ògiri náà títí ọ̀sán fi máa pọ́n. N kì í ya fọ́tò, n kì í sì í bu ilẹ̀ níbẹ̀, ì báà ṣe ìkúnwọ́ kan. Ọ̀nà tí wọ́n ń là àti ilé tí wọ́n ń kọ́ ti ń jẹ ẹ́ tó, ó sì ń dùn mí bí mo bá rí i, nítorí ọwọ́ àwọn tó gbẹ́ ẹ ṣì wà lára rẹ̀.

Àwọn kan máa ń bi mí bóyá Mùsùlùmí lè máa ṣe irú iṣẹ́ yìí, kó máa sọ̀rọ̀ Agẹmọ àti ojúbọ nínú rẹ̀. Mo ń kírun kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo sì ń dáwọ́ dúró bí àkókò bá tó. Nínú ìrun gan-an, bí mo bá forí kanlẹ̀, ojú mi máa ń sún mọ́ ẹní débi pé n kò lè rí ìrísí kankan mọ́. Àwọ̀ nìkan ló máa ń kù, àti òórùn ẹní. Olúwa tí mò ń sìn kò ní ìrísí tí mo lè yà, n kò sì fẹ́ yà á. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó dá ni mo ń lọ̀, omi tó rán ni mo fi ń pò ó. Ní ti àwọn ohun tí àwọn baba àti ìyá wa ń bọ̀wọ̀ fún, mo máa ń jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo lè jókòó sí, bí Alhaja ti ṣe lórí ẹní lọ́jọ́ Agẹmọ, n kì í sì í sọ ohun tí n kò mọ̀.

Ìdí nìyí tí n kì í fi í hun ìtàn fún àwọn tó ń ra àwòrán. Wọ́n máa ń fẹ́ kí n ní pupa yìí ni ogun, pé funfun yẹn ni àlàáfíà. Mo máa ń fi ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ibi tó ti wá pè é: Ilẹ̀pa, Òkè-Ẹ̀rí, Lẹ́yìn Òjò. Ẹni tó bá rí ẹyẹ níbẹ̀, ẹyẹ ni tirẹ̀, n kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí mo ń wá báyìí ni aṣọ olónà. Àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú ló ń hun ún lórí òfì ìnàró, òun sì ni àwọn ìjòyè Òṣùgbó, ẹgbẹ́ Ògbóni ti Ìjẹ̀bú, fi ń ṣe ìtagbè tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká. Ọ̀nì wà lára rẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá fi hàn yín, igun àti ìlà nìkan lẹ ó rí, àti ṣàkì tó ta yọ lójú aṣọ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n hun kò pọ̀ mọ́. Mo ń wá ìyá tó ṣì ń ṣe é, ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní abúlé tó yí i ká, tó máa gbà kí n jókòó ti àwọn. N kò ní ya fídíò. Mo fẹ́ wo bí ọwọ́ wọn ṣe ń mọ ibi tó kàn, kí n sì máa bá wọn ká òwú bí wọ́n bá gbà mí láyè. Ẹni tó bá mọ irú ìyá bẹ́ẹ̀, kó jọ̀ọ́ bá mi bẹ̀ wọ́n. Bó bá jẹ́ àárọ̀ kùtù ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, bí mo bá ti kírun Àsùbáà tán ni mo máa kọrí síbẹ̀.